Bẹ́ ẹ bá rán ọmọ lọ ra gílóòbù, nọ́ńbà ni kẹ́ ẹ kọ fún un

Ká ní obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣe irun ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ti lù, àwọn oníbàárà tó fẹ́ lọ sóde ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé ti jókòó síbẹ̀, wọ́n ń dúró kó kàn wọ́n, ni ọ̀kan nínú àwọn gílóòbù tó wà lókè bá jó. Obìnrin yìí fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ lówó, ó ní kó sáré lọ ra gílóòbù wá lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta nǹkan iná. Nígbà tí ọmọ náà débẹ̀, ìbéèrè ni ọlọ́jà fi pàdé rẹ̀: ẹlẹ́nu píìnì ni àbí ẹlẹ́nu síkúrù? Wáàtì mélòó? Funfun ni àbí yẹ́lò? Ti NEPA ni àbí ti sólà? Ọmọ kò mọ èyí tí yóò kọ́kọ́ dáhùn níbẹ̀. Ohun tó lè sọ kò ju pé gílóòbù ni Àǹtí ní kí òun rà. Wọ́n bá fún un ní èyí tó ń yá lọ́wọ́ wọn jù, ó sanwó, ó gba rìsíìtì, ó gun ọ̀kadà padà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ fi sí i, kò wọlé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn. Owó ọ̀kadà àlọ àti àbọ̀ ti di ìlọ́po méjì, oníbàárà kan lè dìde lọ síbòmíràn, gílóòbù tuntun náà sì wà nílẹ̀ tí kò wúlò. Bí wọ́n bá gbé e padà lọ, wọn yóò bá a ní ìsàlẹ̀ rìsíìtì pé owó tó bá ti wọlé kò ní jáde mọ́.

Ohun tó ń fa èyí kì í ṣe pé ọmọ iṣẹ́ ò gbọ́n. Orúkọ tí à ń pe àwọn nǹkan iná nílé àti orúkọ tí wọ́n kọ sára páálí wọn ló yàtọ̀ síra. Orúkọ tiwa sábà máa ń sọ bí nǹkan ṣe rí lójú, tàbí bí èyí tí a kọ́kọ́ rí ṣe ń jẹ́. Ti ara páálí ń sọ ìwọ̀n: bí ẹnu rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, iye iná tó ń jẹ, iye ìmọ́lẹ̀ tó ń mú jáde. Ìwọ̀n yìí ló ń pinnu bóyá nǹkan náà máa wọlé, bóyá ó máa tàn, àti iye tí ẹ máa san nígbà tí owó iná bá dé.

Ẹ wo gílóòbù fúnra rẹ̀. Globe, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ohun tó rí roboto, la yí padà sí gílóòbù. Kì í ṣe àwa nìkan là ń pè é bẹ́ẹ̀, àwọn ará Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà náà ń pe tiwọn ní globe títí dòní. Àwọn mìíràn láàárín wa ń pè é ní bọ́ọ̀bù. Lọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ nípa iná, láńpù ni wọ́n ń pè é, bọ́ọ̀bù lójú tiwọn sì ni gíláàsì tó bo ohun tó ń tàn nínú. Bẹ́ẹ̀ láńpù tí àwọn ìyá wa àgbà mọ̀, àtùpà oníkẹrosíìnì ni. Nítorí náà, tí ẹ bá rí "LED lamp" lára páálí, gílóòbù lásán ni, kì í ṣe iná tó ń dá dúró lórí tábìlì. Odidi ohun tí wọ́n ń gbé gílóòbù sí, àti irin rẹ̀ àti ìbòrí rẹ̀, ni wọ́n ń pè ní fitting lọ́jà, tí ìwé àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sì ń pè ní luminaire.

Kò yẹ kó yani lẹ́nu. Àwa kan náà la ṣì ń kígbe "Up NEPA" bí iná bá dé, bẹ́ẹ̀ NEPA tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1972 ti di PHCN láti ọdún 2005, iṣẹ́ pínpín iná náà sì ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn iléeṣẹ́ aládàáni láti oṣù kọkànlá, ọdún 2013. Ti NEPA kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ti ọjà iná ló ń náni lówó.

Ẹnu gílóòbù ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ mọ̀. Èyí tí à ń pè ní ẹlẹ́nu píìnì, tó ní irin kékeré méjì tó yọ síta lẹ́gbẹ̀ẹ́, tí wọ́n ń tì wọlé kí wọ́n tó yí i díẹ̀, B22 ni wọ́n ń kọ sí i. B yẹn dúró fún bayonet, ìyẹn ọ̀bẹ tí sójà máa ń fi há ẹnu ìbọn, torí bí wọ́n ṣe ń ti ọ̀bẹ náà wọlé tí wọ́n sì ń yí i ni wọ́n ń ṣe sí gílóòbù yìí. 22 ni fífẹ̀ ìdí rẹ̀ ní mìlímítà. Irú èyí ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò nílé tiwọn, wọ́n sì gbé e dé ọ̀pọ̀ ibi tí wọ́n ti ṣàkóso, ìdí nìyẹn tó fi kún inú àwọn ilé àtijọ́ wa. Ẹlẹ́nu síkúrù ní tiẹ̀, tí wọ́n ń yí wọlé bí ìdérí ìgò, E27 ni. E yẹn wá látinú orúkọ Thomas Edison, ará Amẹ́ríkà tó sọ gílóòbù di ọjà, 27 náà sì ni fífẹ̀ rẹ̀ ní mìlímítà.

Ẹni tó bá wá sọ pé "ẹ bá mi mú ẹlẹ́nu síkúrù" kò tíì sọ̀rọ̀ tán, torí síkúrù kì í ṣe ẹyọ kan. E14 wà, tó tínrín ju E27 lọ dáadáa, òun ni wọ́n sábà máa ń lò fún àwọn fitting ẹlẹ́ka púpọ̀ tó ń rọ̀ ní pálọ̀ àti gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì. E40 náà wà, tó tóbi gan-an, tí wọ́n ń lò fún iná ojú títì àti ilé ìkẹ́rùsí ńlá. Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì kékeré tó ra páálí E27 méjì fún fitting tó jẹ́ E14 ti ra ọjà tí kò lè lò nìyẹn.

Àwọn kéékèèké tí wọ́n ń rì sínú POP tún burú ju ìyẹn lọ, torí spotlight ni gbogbo èèyàn ń pè wọ́n láìka èyí tó jẹ́ sí. Ọ̀kan wà tó ní ẹsẹ̀ méjì tó nípọn, GU10 ni, iná ilé tààrà ló ń jẹ, mìlímítà 10 ló sì wà láàárín ẹsẹ̀ méjèèjì. Èkejì ni MR16, ẹsẹ̀ tiẹ̀ rí tínínrín bí abẹ́rẹ́, mìlímítà 5.3 ló wà láàárín wọn, volt 12 ló sì sábà máa ń jẹ, èyí tó fi nílò transformer kékeré lókè àjà. Bí oníṣẹ́ iná bá so MR16 tó ń jẹ volt 12 mọ́ iná ilé tó jẹ́ volt 230 láìsí transformer, ojú ẹsẹ̀ ló máa jó. Ẹni tó ra mẹ́wàá, tí mẹ́wẹ̀ẹ̀wá jó lẹ́ẹ̀kan náà, á ní ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Ó lè má rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Nọ́ńbà kejì ni wáàtì, ibí gan-an lowó sì ti ń sọnù jù. Wáàtì kì í ṣe ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀. Iye iná tí nǹkan ń jẹ ló ń sọ. Láyé gílóòbù yẹ́lò, èyí tó ní wáyà tínínrín nínú, wáàtì tó bá ti pọ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń pọ̀, ìyẹn ló jẹ́ ká máa fi ọ̀kan ka èkejì. LED ti da ìyẹn rú. LED wáàtì 9 tó dára lè fún èèyàn ní ìmọ́lẹ̀ tó tó lumen 800, ìyẹn bíi ti gílóòbù yẹ́lò wáàtì 60. Lumen ni orúkọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ gan-an, òun ló sì yẹ kí ojú kọ́kọ́ wá lára páálí. Páálí tí wọ́n kọ wáàtì gàdàgbà sí, tí kò sí lumen níbi kankan lára rẹ̀, ó yẹ kéèyàn fura sí i.

Àwọn tó ń ṣe gílóòbù náà dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí. Wọ́n á kọ 9W sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á tún kọ "= 60W" lọ́nà tó tóbi sí ẹ̀gbẹ́ kejì, láti fi sọ pé ó tàn bíi ti wáàtì 60 àtijọ́. Ẹlòmíràn á wá rí A60, á tún rò pé wáàtì 60 nìyẹn náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. A jẹ́ irú ìrísí gílóòbù tí gbogbo wa mọ̀, 60 sì ni fífẹ̀ ikùn rẹ̀ ní mìlímítà. Gílóòbù wáàtì 5 lè jẹ́ A60, ti wáàtì 12 náà lè jẹ́ A60.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù kan ní gílóòbù mẹ́wàá, wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fi ń tàn lójúmọ́. Tó bá jẹ́ gílóòbù yẹ́lò wáàtì 60, mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ wáàtì 600, wákàtí mẹ́fà rẹ̀ sì jẹ́ yúníìtì 3.6 lórí mítà, torí yúníìtì kan ni wáàtì 1,000 tó ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Ọgbọ̀n ọjọ́ á gbé e dé yúníìtì 108. Tó bá jẹ́ LED wáàtì 9, mẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ wáàtì 90, yúníìtì 16.2 ló máa jẹ lóṣù. Nígbà tí àjọ NERC fi owó kún iná àwọn tó wà ní Band A ní oṣù kẹrin, ọdún 2024, náírà 225 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé yúníìtì kan sí. Ní iye yẹn, ti àkọ́kọ́ á jẹ́ náírà 24,300 lóṣù, ti èkejì á jẹ́ náírà 3,645. Iye náà ti yí padà lẹ́yìn ìgbà yẹn, kí kálukú fi iye tó ń san lórí mítà tiẹ̀ ṣe é, àmọ́ bí èyí ṣe fi ìlọ́po mẹ́fà ó lé díẹ̀ ju tọ̀hún lọ kò ní yí padà. Ẹni tó sì jẹ́ pé jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ló ń tàn, wáàtì 600 lórí gílóòbù nìkan kò ní jẹ́ kí ẹ̀rọ náà lè gbé fáànù àti nǹkan mìíràn mọ́.

Orúkọ mìíràn tó ti daṣọ bo nǹkan méjì ni "energy". Gílóòbù funfun tó lọ́ bí ìfun, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ CFL, ni wọ́n kọ́kọ́ pè ní energy saver. Nígbà tí LED dé, orúkọ náà lẹ̀ mọ́ òun náà. Ẹni tó bá béèrè energy lónìí lè gba LED, ó sì lè gba CFL tó ti pẹ́ lórí àtẹ. CFL ń jẹ iná ju LED lọ, mẹ́kúrì díẹ̀ sì wà nínú rẹ̀, tí kò dáa kéèyàn fọwọ́ lásán kó àfọ́kù rẹ̀. Ẹ sọ LED, ẹ má sọ energy.

Funfun àti yẹ́lò kò le. Kelvin ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n, K ni wọ́n sì ń kọ. 2700K sí 3000K pupa rúsúrúsú bíi ti gílóòbù àtijọ́, ó bá ilé oúnjẹ àti yàrá òtẹ́ẹ̀lì mu. 6500K ni funfun báláú tó kún ọjà wa. Àwọn tó ń ta aṣọ, àwọn télọ̀ àti àwọn tó ń kun ojú fún ìyàwó tún gbọ́dọ̀ wo ohun kan tí wọ́n ń kọ ní Ra tàbí CRI, tó ń sọ bí àwọ̀ nǹkan ṣe máa hàn lábẹ́ iná náà sí. Tí kò bá tó 80, àwọ̀ léèsì tí oníbàárà rí nínú ṣọ́ọ̀bù kọ́ ló máa rí tó bá gbé e síta sínú oòrùn.

Fulọrẹ́sẹ́ńtì ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ bàtà méjì àti ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin là ń pè é, ìyẹn sì tọ̀nà ní ti gígùn. Ohun tí a kì í sọ ni bó ṣe nípọn tó. T12, T8 àti T5 ni wọ́n ń kọ, nọ́ńbà náà sì ń sọ iye ìdá mẹ́jọ ínǹṣì tí ọ̀pá náà fi nípọn. T8 jẹ́ ínǹṣì kan gééré, T12 jẹ́ ínǹṣì kan àbọ̀. Ẹnu kan náà ni méjèèjì ní, wọ́n lè wọ fitting kan náà. T5 kò lè wọ ọ́, torí ẹnu tirẹ̀ kéré.

Ara fulọrẹ́sẹ́ńtì yìí la ti mọ choke. Ballast lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé, àmọ́ choke tí àwọn oníṣẹ́ wa ń pè é bá iṣẹ́ rẹ̀ mu dáadáa, torí kí wọ́n fún nǹkan lọ́rùn ni ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà túmọ̀ sí. Ó ń fún iná lọ́rùn kó má baà pọ̀ jù wọnú ọ̀pá náà. Sítátà, ohun kékeré roboto tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, ló ń ta ọ̀pá náà jí, iṣẹ́ rẹ̀ sì parí nígbà tó bá ti tàn. Ibi tí àìmọ orúkọ ti ń gbówó lọ ni pé tí fulọrẹ́sẹ́ńtì bá ń ṣẹ́jú tí kò tàn, àwọn kan á ní choke ló kú, bẹ́ẹ̀ ó lè jẹ́ sítátà tí owó rẹ̀ kéré sí i púpọ̀. Ẹ ní kí wọ́n kọ́kọ́ pààrọ̀ sítátà wò. Choke tuntun tó fúyẹ́, tí kò nílò sítátà rárá, electronic ballast nìyẹn, wọn kì í sì í fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láìtún wáyà rẹ̀ so.

Ẹni tó bá fẹ́ gbé ọ̀pá LED sínú fitting àtijọ́ gbọ́dọ̀ ka ìwé tó wà nínú páálí. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń ní kéèyàn yọ sítátà, kó fi èyí tó bá ọ̀pá náà wá rọ́pò rẹ̀. Àwọn mìíràn wà tí choke gbọ́dọ̀ kúrò lójú ọ̀nà iná pátápátá. Ní ti àwọn tó ń tajà iná, kí wọ́n má kó choke àti sítátà jọ púpọ̀ mọ́. Nàìjíríà wà lára àwọn tó fọwọ́ sí àdéhùn Minamata lórí mẹ́kúrì, ìpàdé tí àwọn orílẹ̀-èdè náà sì ṣe ní 2023 fẹnu kò pé kò ní sí ṣíṣe fulọrẹ́sẹ́ńtì, kò sì ní sí kíkó o wọlé tàbí jáde mọ́, tó bá fi máa di ìparí ọdún 2027.

Choke ti kú tán lára LED, àmọ́ orúkọ rẹ̀ kò kú. Àwọn panel light pẹlẹbẹ tó wà lókè àjà àwọn ọ́fíìsì àti ṣọ́ọ̀bù báyìí ní àpótí kékeré kan tí wáyà rẹ̀ gùn jáde. Àwọn kan ń pè é ní choke, àwọn kan ní transformer, àwọn kan ní adaptor. Driver lorúkọ rẹ̀, tí kò bá awakọ̀ kankan tan. Òun ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò ló ti ju odindi panel light nù nígbà tó jẹ́ pé driver rẹ̀ nìkan ló bàjẹ́. Tí ẹ bá fẹ́ ra òmíràn, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sí ara ti àtijọ́ níbi tí wọ́n kọ OUTPUT sí: mA kan máa wà, volt náà máa wà, bóyá 300mA àti volt 36 sí 72. mA gbọ́dọ̀ bára mu. Tí ti tuntun bá pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ, iná náà á mọ́lẹ̀ yòò fúngbà díẹ̀, lẹ́yìn náà á jó.

Ó ku súìṣì, níbi tí gang àti way ti máa ń dìjà. Gang ni iye ibi títẹ̀ tó wà lójú súìṣì kan. One gang ní ẹyọ kan, two gang ní méjì, three gang ní mẹ́ta. Way kò kan iye ibi títẹ̀ rárá. One way ni súìṣì tó jẹ́ pé ibì kan ṣoṣo lèèyàn ti lè tan iná náà kó sì pa á. Two way ni èyí tí wọ́n fi méjì ṣe, tí èèyàn lè tan iná nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn kó sì pa á lókè. Ẹni tó fẹ́ súìṣì oníbi títẹ̀ méjì, tó wá ní "two way", á gba ohun tó yàtọ̀ sí èyí tó fẹ́. Ẹni tó ń kọ́ ilé alájà kan, tó wá ra one way fún orí àtẹ̀gùn, á tún súìṣì rà, á sì tún fọ́ ògiri láti fa wáyà mìíràn. Ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá wọn mọ̀ ni kí wọ́n yí súìṣì náà sẹ́yìn: fún ibi títẹ̀ kọ̀ọ̀kan, one way ní ojú méjì tí wáyà ń wọ̀, two way ní mẹ́ta.

Ìbéèrè kẹrin tí ọlọ́jà bi ọmọ iṣẹ́ yẹn, ti NEPA ni àbí ti sólà, kì í ṣe àwàdà. Gílóòbù volt 12 tí wọ́n ń lò fún bátìrì sólà ní ẹnu B22 àti E27 bákan náà pẹ̀lú ti inú ilé. Á wọlé dáadáa. Tí wọ́n bá tan súìṣì báyìí, á jó. Bẹ́ẹ̀ náà ni gílóòbù inú ilé kò ní tàn lórí bátìrì volt 12. Nítorí náà, kí ẹni tó bá lọ rà á ka volt tó wà lọ́rùn rẹ̀ kó tó sanwó, kó sì ní kí ọlọ́jà fi sí iná wò lójú òun, torí ọ̀pọ̀ wọn ló ní pátákó tí wọ́n fi ń dán an wò. Èyí tó tún dára jù ni kí wọ́n mú èyí tó jó dání, tàbí kí wọ́n fi fóònù ya àwòrán ohun tí wọ́n kọ sí ọrùn rẹ̀.

Ìwé pélébé tó yẹ kí obìnrin Mọ́kọ́lá yẹn fi rán ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìlà kan lọ: LED, B22, 9W, 800 lumen, 6500K, 220-240V, ẹyọ kan.